Àkúrọ̀ Tó Dìde Dúró ní Zone 4

Títí di ọjọ́ tí mo fi dé Abidjan, mo gbà pé ohun mẹ́ta ni ewé fi ń dàgbà: ilẹ̀, omi àti oòrùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdọọdún ni mo sì ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú pátákó. Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ nínú yàrá kan ní àdúgbò Zone 4 tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní fèrèsé, tí oòrùn kò sì wọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa gbin ewé.

Mo ti dàgbà báyìí. Àjíkẹ́, ìyàwó mi, ti kú. Àwọn ọmọ ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rántí sílẹ̀, bóyá nítorí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rín ni mo ń bá pàdé.

Owó oṣù tíṣà kì í dé lásìkò nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni, èmi àti Àjíkẹ́. Mo ní kó fún mi ní ọdún kan péré, n óò wá yàrá, n óò sì ránṣẹ́ pè é. Ó wò mí dáadáa.

"Tíṣà mi, ọdún kan ni mo gbọ́ o. Mi ò gbọ́ ọdún kan àtààbọ̀."

Àdúgbò Adjamé ni mo bà sí, lọ́dọ̀ Bàbá Ràfíù, ọmọ ìlú wa tó ń ta garawa àti abọ́ ọ̀rá. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Ọkùnrin mẹ́fà ni a jọ ń sùn sí ilé ìkẹ́rù wọn, láàárín ọjà. Bí ẹnìkan bá yí padà, gbogbo garawa á dáhùn.

Èdè ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Èmi tí mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ ọlọ́mọ wí di ẹni tí ń nawọ́ sí búrẹ́dì bí odi. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, Bàbá Ràfíù rán ọmọbìnrin wọn níṣẹ́ ní Yorùbá. Ọmọ náà dáhùn pé, "J'arrive, Baba," ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ.

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó ń lọ ni."

Wọ́n fi ojú àánú wò mí. "Bí ìwọ náà bá ń jáde nílé, kí lo máa ń wí?"

Mo rò ó. "Mo ń bọ̀" náà ni mo máa ń wí. Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín garawa. Ìlú tí èèyàn bá ti ń sọ pé òun ń bọ̀ nígbà tó ń lọ, kò lè jìnnà sílé púpọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù Faransé ti kúrò lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé fúnra rẹ̀ kò tíì wọlé.

Mo ru garawa fún ohun tó lé ní ọdún kan. Anango ni gbogbo ọjà ń pe àwa Yorùbá. Àwọn oníṣòwò Jùlá á kí mi láàárọ̀ pé "I ni sogoma", n óò dá wọn lóhùn, inú mi á dùn bí ẹni tó yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n yàrá kò sí. Ẹni tó bá ní yàrá kan ní Adjamé ti kó ẹbí méjì sí i.

Òyìnbó Faransé kan wà tó máa ń wá ra abọ́ ọ̀rá kéékèèké lọ́wọ́ Bàbá Ràfíù, á rà wọ́n bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n bu oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò Treichville. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi í pé kí ló ń fi ṣe. Ó ní òun ń gbin sàláàdì sínú ilé. Bàbá Ràfíù kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí mi.

"Mo ní Anango kan níbí tó kàwé lórí koríko."

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn.

Gbogbo wa ń pe Òyìnbó náà ní Patron, ìyẹn ọ̀gá. Yàrá rẹ̀ ti jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹja tútù sí rí, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ni ó ń tà fún. Ó ní bí òun bá gbin sàláàdì síta, oòrùn á jó o, òjò á mú un rà, ìgbín á sì jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù. Nítorí náà ó gbé ọ̀pá iná funfun wọlé, àwọn iná gígùn tí a ń rí ní ọ́fíìsì, ó ń gbin ewé sínú abọ́ ọ̀rá tí ó kún fún èèpo àgbọn tí a lọ̀.

Djoman ni mo bá níbẹ̀, ọmọ Ebrié láti Songon. Bàbá rẹ̀ ń dẹ odò, ó sì ń gbin ẹ̀gẹ́ létí ọ̀sà. Djoman ga, kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì dá a lójú pé kò sí ohun tí Anango kan lè kọ́ òun nípa ewé.

Ní Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù. Ilé Ọ̀gá mi àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, ni Àjíkẹ́ ti máa ń dúró de ohùn mi.

"Ẹ ní kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń gbin ewé nínú yàrá, lábẹ́ iná."

"Iná ìdáná?"

"Iná mànàmáná."

"Tíṣà mi, ṣé oòrùn Abidjan ti tán ni?"

"Kò tán. Ó ń mú jù ni."

"Ó mú jù, ẹ gbé ewé sá wọlé, ẹ wá tan oòrùn mìíràn fún un?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń ṣàlàyé fún Ọ̀gá, mo gbọ́ tí Ọ̀gá náà ń wúkọ́ nítorí ẹ̀rín. Wọ́n fi ẹ̀rín parí àkókò mi, ìlà sì gé. Mo jáde sí ojú títì, mo dá dúró, mò ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ gbaka méjì ń fọn fèrè sí mi pé kí n kúrò lọ́nà.

Báyìí ni ìdíje wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Patron fẹ́ fi ewé kún yàrá náà, kò sì mọ ètò tó yẹ. Djoman ní kí a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí iná sùn gbọọrọ lórí wọn, bí oòrùn ṣe ń wà lórí oko. Èmi ní kí a gbé e dìde. Ilẹ̀ yàrá náà kéré, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ga, òfìfo ló wà níbẹ̀. Patron gbọ́ tẹnu wa, ó fa yàrá sí méjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

"Oṣù méjì," ni ó wí. "Ọ̀pá iná mẹ́jọ fún ọ, mẹ́jọ fún un. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá dára jù ni ọ̀gá yàrá yìí. Ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn ọgbà náà, ibẹ̀ ni yóò máa gbé."

Ó sọ àwọn nǹkan mìíràn. Mi ò gbọ́ ohunkóhun lẹ́yìn "yàrá méjì".

Djoman kan tábìlì rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Tèmi gba ọjọ́ mẹ́rin. Mo ri òpó irin kan sí àárín, mo so ọ̀pá iná mẹ́jọ mọ́ ọn ní òòró, wọ́n dúró ṣánṣán bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Mo wá fi àwọ̀n onírin yí wọn ká bí ògiri kànga, mo so abọ́ ọ̀rá mọ́ inú rẹ̀ ní ìpele márùn-ún láti ilẹ̀ dé òkè. Gbogbo ewé dojú kọ àárín. Mo ṣí àyè kékeré sílẹ̀ tí n óò máa gbà wọlé. Bí mo bá dúró nínú rẹ̀ tí iná tàn, ó dà bí pé mo wà nínú ìkòkò ìmọ́lẹ̀. Mo kọrin níbẹ̀. Èmi tí wọn kì í fi sínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí mo ti rí ètò náà ni ọgbà tí bàbá mi ń kó iṣu sí lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n á ri òpó, wọ́n á so iṣu mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, afẹ́fẹ́ á máa gbà láàárín wọn, kò ní rà. Iṣu kan náà ni òkè, iṣu kan náà ni ìsàlẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbin sàláàdì láti ìpele kìíní dé ìkarùn-ún, mo ń bu omi láti òkè, omi ń kán láti abọ́ dé abọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìpele méjì tó wà lókè ti gbẹ bí ewé tábà. Méjì ti ìsàlẹ̀ rà, òórùn wọn kò ṣeé sọ fún aláìsàn. Ti àárín nìkan ló yè.

Djoman wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni wá kí olókùú.

"Anango, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ dára o. Ṣùgbọ́n àárín nìkan ni èèyàn ń gbé."

Lórí tábìlì tirẹ̀, sàláàdì jókòó rogodo, wọ́n tutù, wọ́n ń dán. Inú mi bàjẹ́ dé ibi pé mo yin ọ̀kan nínú wọn fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni. Djoman ń wọ gbaka ní Adjamé lọ sí Songon, a sì jọ ń wọ bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀. Ó rí i pé mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin tó fẹ́ ẹni tó ń so sàláàdì mọ́ òpó. Ó dúró tì mí.

"Ti òkè gbẹ, ti ìsàlẹ̀ rà," ni mo sọ fún Àjíkẹ́.

"Kí lẹ gbìn sókè?"

"Sàláàdì."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Sàláàdì."

"Tíṣà mi." Mo mọ̀ pé ó ti káwọ́ lérí. "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wá sí àkúrọ̀ ìyá mi, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó wá wo oko létí odò, ewé lẹ̀ ń wò ni àbí ojú mi?"

"Ojú rẹ ni."

"Ẹ ò ṣe ní kùnà! Ibo là ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí ní àkúrọ̀?"

"Létí omi."

"Ata ńkọ́?"

"Lókè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ."

"Ẹ̀yin wá da tẹ̀tẹ̀ bo gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí olómi lọ bá omi, kí aláìfẹ́mi gòkè lọ. Iṣu tí bàbá yín so mọ́ òpó, oorun ló ń sùn. Ewé kì í sùn, ó ń mu."

Mo dúró, ẹnu mi là. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Djoman rò pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ikú fún mi, ó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi.

"Madame! Ton mari est fou!"

Àjíkẹ́ kò mọ̀ pé ó ní ọkọ òun ti ya wèrè. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ Faransé kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi sí i, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí kò gbàgbé, pé "maison" ni ilé. Ó kígbe rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́.

"Maison! Maison! Maison!"

Djoman rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn ní Faransé, Àjíkẹ́ náà ń dáhùn ní Yorùbá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnìkejì, wọn kò sì fẹ́ dákẹ́. Nígbà tí ìlà gé, Djoman nu ojú rẹ̀.

"Ilé wo ni ó ń bèèrè?"

"Kò sí," ni mo wí. Ìtìjú ni. Ọdún kejì ti ń tán lọ, mi ò fẹ́ kí ẹni tí mò ń bá díje mọ bí ojú ṣe ń pọ́n mi tó.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo tú gbogbo rẹ̀. Ewé máǹtì, tí àwọn oníṣòwò ń fi sí tíì, kò kọ omi, mo kó o sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀fínrín àwọn òyìnbó tẹ̀lé e. Mo fi sàláàdì sí àárín níbi tó ti yè. Ewéko kékeré olóòórùn tí wọ́n ń pè ní thym, tí kò fẹ́ omi lẹ́sẹ̀ rárá, ni mo gbé lọ sókè pátápátá. Àkúrọ̀ ni. Àkúrọ̀ tó dìde dúró nínú yàrá ẹja ní Zone 4.

Ó wù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe wù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò rí àwọ̀n mọ́. Bí a bá ṣílẹ̀kùn, òórùn ewé á jáde dé ojú títì, àwọn tó ń jẹun ní búkà maquis ẹ̀gbẹ́ wa á bèèrè pé kí la ń sè. Mo ń fi ọwọ́ ra ẹ̀fínrín, mo ń gbóòórùn ọwọ́ ara mi nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni ń lọ wo ọmọ tuntun.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dára. Nítorí pé àárín ni ìmọ́lẹ̀ wà, gbogbo ewé na ọrùn síbẹ̀. Sàláàdì mi wọ́. Lọ́jọ́ tí a pa iná láti nu eruku ara ọ̀pá, Djoman yọjú wo inú kànga mi.

"Wò wọ́n! Gbogbo wọn ń kírun!"

Lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tẹrí ba sí òpó tó ṣókùnkùn.

"Iná ti kú," ni Djoman wí, "wọn ò mọ̀."

"Wọ́n mọ̀," ni mo wí. "Wọ́n mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni."

Oṣù méjì pé. Patron mú alásè ilé ìtura kan wá, ọkùnrin sísanra kan tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sídìí tábìlì Djoman, ó gbé sàláàdì kan, ó yí i wò bí ẹni ń yí ẹyin wò, ó mi orí pé ó dára. Ó wọ inú kànga mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, máǹtì wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ẹ̀fínrín kún apá rẹ̀ méjèèjì. Mo nawọ́ sàláàdì mi sí i. Ó wo ọrùn rẹ̀ tó wọ́, ó dá a padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Patron gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Lórí ilẹ̀ kan náà àti iná kan náà, ewé tèmi wúwo ju ti Djoman lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n sàláàdì Djoman ni ó rẹwà, sàláàdì sì ni ilé ìtura ń béèrè fún jù. Patron họ orí. Ó ní kí a máa gbin sàláàdì sórí tábìlì, kí a máa gbin ewé olóòórùn sínú kànga, kò sẹ́ni tó pàdánù.

"Ta wá ni ọ̀gá?" Djoman bèèrè.

"Ẹ̀yin méjèèjì."

"Ilé ńkọ́?"

Patron tún họ orí. Mi ò lè gbé ojú sókè. Mo rí ilé náà nínú ọkàn mi, mo rí i tí a fi ṣọ́ọ̀kì fà á sí méjì, yàrá kan fún Djoman, ọ̀kan fún mi, níbo ni n óò fi Àjíkẹ́ sí?

Djoman gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Mo ní ilé ní Songon, omi wà níwájú rẹ̀, màmá mi wà nínú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi Zone 4 ṣe? Mo kàn fẹ́ kí Anango yìí gbà pé tábìlì dára ni. Patron, fún un nílé náà. Madame là a dit maison."

Ó ní ìyàwó mi ti sọ pé ilé ni. Djoman ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ tẹlifóònù náà. Ó ti ń dúró.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ ní Faransé, mo dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà tutù, omi wà nílẹ̀. Djoman fò sẹ́yìn: "Ah, Anango, dìde, dìde! O fẹ́ kú ni?"

Àjíkẹ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpótí kan àti àpò gaàrí kan. Kò béèrè ilé. Ó ní òun fẹ́ rí oòrùn náà. Mo mú un wọ yàrá, mo ṣí àyè kékeré náà fún un. Ó wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ewé fi ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìhà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí máǹtì.

"Ẹ gbìn ín sétí omi."

"Mo gbìn ín sétí omi."

"Ẹ wo ewé lọ́tẹ̀ yìí."

Djoman yọjú kí i káàbọ̀. "Bonne arrivée, Madame Maison!" Orúkọ tí gbogbo Zone 4 fi pè é fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú òkèèrè mọ̀ pé kò sí ibi tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá mọ́. Níbí, Anango ni mí. Bí mo bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Àbíjáǹ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì máa dúró kí n sọ Faransé. Ó máa ń dùn mí nígbà kan. Àjíkẹ́ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tí ewé bá rí omi àti iná, ó ti délé nìyẹn, ìyókù, abọ́ ni.

Àdúgbò Yopougon ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń tún pálọ̀ ṣe, ó fẹ́ yí àga mi padà. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, Faransé ni ó fi ń dáhùn.

"Papa, kí n kọjú ẹ sí tẹlifíṣọ̀n. Ògiri lásán lo ń wò."

Kì í ṣe ògiri lásán. Ibi tí àga ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni. A ti gbé àga náà lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì fẹ́ bà á díẹ̀. Mo ní kó fi àga mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní sàláàdì ni mí.